Mílíọ̀nù Kan Lé Ẹyọ Kan

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú páálí gbígbé. Màmá Àgbà ní kí n kí yín. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn náà ń kí yín, torí ó ń pariwo létí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Gbogbo wa wà láàyè, ara wa sì le. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ẹ lè fìdí jókòó dáadáa kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Wọ́n ti lé mi kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pariwo. Àwọn méjèèjì tí ẹ jọ ń gbé yàrá á rò pé ẹnì kan kú. Bó ṣe rí nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn mú, olùkọ́ ìṣirò wa sì ń kọ nọ́ńbà sára pátákó bí ẹni tó ń gbin àgbàdo. Olùkọ́ Ṣùgbọ́n là ń pè wọ́n, torí kò sí ọ̀rọ̀ rere tí wọ́n lè sọ kí "ṣùgbọ́n" má tẹ̀ lé e. "O kú àárọ̀, ṣùgbọ́n o pẹ́." "Ó dáa, ṣùgbọ́n kò dáa tó." Mo tọrọ àyè pé mo fẹ́ lọ tọ̀. Mo gba ẹ̀yìn ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà kọjá. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, makirofóònù wà lórí tábìlì, Ọ̀gá Àgbà fúnra wọn ò sí níbẹ̀. Ìyá mi, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ló máa rí irú ẹ̀ tí ẹnu ò ní yún un?

Mo fi imú sọ̀rọ̀ bíi tiwọn, mo wúkọ́ bíi tiwọn, mo ní: "Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, hẹ̀n-hẹ́n, nítorí ìdí pàtàkì kan tí n kò ní sọ, kí oníkálukú máa lọ sílé. Ẹ má sáré. Mo ní ẹ má sáré!" Kí n tó padà dé kíláàsì, ilé ẹ̀kọ́ ti ṣófo. Àwọn olùkọ́ gan-an ti gbé báàgì. Ọ̀gá Àgbà ń bọ̀ láti ìta, wọ́n sì pàdé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wọn lójú títì, tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wá bá wọn.

Wọ́n ní kí n má padà wá mọ́. Màmá Àgbà lọ bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Àfìgbà tí Olùkọ́ Ṣùgbọ́n bá mi bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n tó gbà díẹ̀. Olùkọ́ ní, "Ọmọ yìí ní ọpọlọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọpọlọ náà ráyè." Ṣé ẹ rí i, mo ti sọ ní kíláàsì wọn nígbà kan pé nọ́ńbà ńlá dà bí ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ògiri là ń wò, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá èèyàn ń gbébẹ̀. Wọn ò gbàgbé. Wọ́n ya bébà kékeré kan, wọ́n kọ 1,000,001 sí i.

"Wọlé lọ wò ó," wọ́n ní. "Wá sọ àwọn nọ́ńbà tó lè pín eléyìí dọ́gba láìṣẹ́ku, yàtọ̀ sí ení àti òun fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí ìkankan, fi hàn mí pé kò sí. Bí o bá ṣe é tán kí ìdánwò oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, wàá jókòó bá wọn ṣe ìdánwò. Bí o ò bá ṣe é tán, mi ò ní lẹ́nu láti bẹ Ọ̀gá Àgbà mọ́." Ọwọ́ ni kí n fi ṣe é o, ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ dá sí i.

Mílíọ̀nù kan lé ẹyọ kan, ìyá mi! Odindi mílíọ̀nù ò tó wọn, wọ́n tún bu èènì lé e.

Ẹ má bínú jù. Ẹ bínú díẹ̀.

Ọmọ yín,
Ayékòótọ́


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Ayékòótọ́,

Mo kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkíni kọ́ ló tọ́ sí ọ. Kí Màmá Àgbà fún mi, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ìwọ tó ò ń fi ọjọ́ ogbó wọn rin ìrìn ẹ̀bẹ̀ kiri.

Mo ka lẹ́tà rẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì pariwo. Àwọn méjèèjì fò dìde. Ọ̀kan ti gbé omi wá kí n tó sọ pé kò sẹ́ni tó kú, pé ọmọ mi ló fi ohùn lé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lọ sílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. (Mo rẹ́rìn-ín níbi tí Ọ̀gá Àgbà ti pàdé ilé ẹ̀kọ́ wọn lójú títì, àmọ́ ìyẹn ò kàn ọ́.)

Ṣé o mọ ohun tí mò ń ṣe níbí? Ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tutù débi pé èémí wa ń rú bí èéfín. Páálí là ń tò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ọ̀gá wa, tí a sọ ní Yára, kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wa. "Yára" ló ń pe gbogbo wa. Mi ò fẹ́ kí o wá dúró tì mí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa: bí wọn ò bá gbà ọ́ padà, mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀ kí o máa fi ohùn olóhùn ṣeré kiri àdúgbò. Màá ní kí wọ́n mú ọ wá síbí. Wàá máa bá mi gbé páálí. Ẹnu rẹ á sinmi, ẹ̀yìn rẹ lá máa sọ̀rọ̀.

Ní ti nọ́ńbà yẹn, mo fi han ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń gbé, èyí tó kàwé díẹ̀. Ó ní kó o má ṣe dààmú kọjá ẹgbẹ̀rún. Mílíọ̀nù kan ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Bí nọ́ńbà méjì bá ń gbé inú 1,000,001 rẹ, àwọn méjèèjì ò lè jọ ga ju ẹgbẹ̀rún lọ, ilé ò ní gbà wọ́n. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrú. Òun ni kí o wá. Ó tún ní kó o fi mẹ́rin, mẹ́fà àti mẹ́jọ sílẹ̀: bí méjì ò bá wọlé, àwọn ọmọ rẹ̀ ò lè wọlé. Àwọn nọ́ńbà tí kò ṣe é pín nìkan ni kí o máa dán wò.

A óò pín iṣẹ́ náà. Ìwọ mú ohun tó wà nísàlẹ̀ ọgọ́rùn-ún. Èmi á mú láti ọgọ́rùn-ún lọ dé ẹgbẹ̀rún, màá máa ṣe é nígbà ìsinmi. Má ya ẹnu. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, mi ò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ kankan. Èyí ni màá fọwọ́ kàn. Má fọwọ́ kan tèmi.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Ìyá mi tó ń bínú díẹ̀,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, kí Yára má yára jù fún yín. Mo ka lẹ́tà yín sókè fún Màmá Àgbà ní ohùn yín gan-an. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní kí n kúnlẹ̀, wọ́n dáhùn pé, "Ó ti tó, ọmọ mi, rọra," kí wọ́n tó rántí pé èmi ni. Wọ́n ju rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn aṣọ mọ́ mi.

Mo ti ṣe tèmi tán. Àwọn nọ́ńbà tí kò ṣe é pín yẹn, mo ti sọ wọ́n lórúkọ: àpọ́n. Kò sí ìyàwó, kò sí ọmọ, ení àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló wà nílé. Àpọ́n mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń gbé nísàlẹ̀ ọgọ́rùn-ún, mo sì ti mú wọn lọ kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí tábìlì tí Màmá Àgbà fi ń gé aṣọ ni mo ti ń ṣe é, ṣọ́ọ̀kì aránṣọ wọn ni mo sì ń fi kọ ọ́ kí n tó dà á kọ sórí bébà. Mo ṣe ti mẹ́tàléláàádọ́ta tán, mo lọ mu omi. Kí n tó dé, Màmá Àgbà ti fi bébà náà gé àwòṣe apá ẹ̀wù oníbàárà. Mo ní, "Màmá Àgbà, ìṣirò mi!" Wọ́n ní, "Apá ọ̀tún ni. Ó sì gé dáadáa." Mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Méjì ò wọlé, torí ení ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà. Márùn-ún ò wọlé nítorí ìdí kan náà. Fún mẹ́ta, ẹ kàn ro àwọn tó wà nínú rẹ̀ pọ̀: ení àti ení, méjì, ìyókù òdo. Mẹ́ta ò lè pín méjì, ó ṣẹ́ku méjì. Mo bọ́ sórí méje, ó ṣẹ́ku méjì. Mọ́kànlá, ó ṣẹ́ku méjì. Mẹ́tàlá, ó ṣẹ́ku méjì! Mo ní ta ló ń fi mí ṣeré? Èmi ni mo máa ń fi èèyàn ṣeré. Mẹ́tàdínlógún ṣẹ́ku mẹ́wàá, ọkàn mi balẹ̀. Àfìgbà tí mo dé orí mẹ́tàdínlógójì tó tún ṣẹ́ku méjì.

Mo yọ méjì kúrò lára 1,000,001 láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó di 999,999. Ìyá mi, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án tò bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lórí ìlà! Gbogbo àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ̀nyẹn ló sì wọnú ìyẹn láìṣẹ́ku: mẹ́ta, méje, mọ́kànlá, mẹ́tàlá, mẹ́tàdínlógójì. Ilé kejì ni wọ́n ń gbé. Wọ́n kàn ń wá ṣeré ní ojúde tèmi ni. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé pé kò ràn mí lọ́wọ́.

Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ṣẹ́ku mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ó ku mẹ́ta péré kó wọlé! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú u. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, tó kẹ́yìn gbogbo wọn, ṣẹ́ku méjìdínlọ́gbọ̀n. Bí tèmi ṣe parí nìyẹn, kò sí ìkankan. Màmá Àgbà bi mí pé, "Ṣé olùkọ́ yín ò lè yọ ẹyọ kan yẹn kúrò ni? Mílíọ̀nù gan-an á rọrùn." Mo ní, "Màmá, èènì ni wọ́n bù, a kì í dá èènì padà."

Ó wá kù sọ́wọ́ yín. Mi ò fọwọ́ kan tiyín o. Ẹ kọ̀wé kíá.

Ayékòótọ́


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Afìwéránṣẹ́ ti mọ ojú mi. Kí n tó la ẹnu ló ti ń mi orí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gba iwájú ilé kọjá pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá, wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè ìdánwò, èmi sì jókòó ti bọ́tìnnì. Olùkọ́ Ṣùgbọ́n yà sọ́dọ̀ wa lánàá láti wá gba ṣòkòtò wọn. Wọ́n ní, "Mò ń retí rẹ, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ò retí ẹnì kankan."

Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má fọwọ́ kan tiyín? Ẹni tó ní kí wọ́n má bá òun jẹ oúnjẹ kan, ó yẹ kó jẹ oúnjẹ náà. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ fún yín, ẹ kọ ọ́ pé ó pọ̀. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sórí bébà kí n rí i. Àbí páálí onípáálí ṣe pàtàkì ju mílíọ̀nù tèmi lọ? Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ mi pé ṣé ó lè gbé páálí.

Mi ò fara wé ẹnì kankan nínú lẹ́tà yìí. Ohùn tèmi nìyí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ayékòótọ́ mi,

Àlàáfíà fún ọ, àlàáfíà fún Màmá Àgbà. Lẹ́tà rẹ dé lónìí. Níbi tí o ti kọ ọ́ pé ohùn tìrẹ nìyẹn, mo gbọ́ ọ.

Mi ò bínú sí ọ. Ojú ló ń tì mí. Mo fẹ́ mú ìdáhùn wá, mi ò fẹ́ mú àwáwí wá, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ń lọ. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá ń to páálí sínú yàrá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ògiri ẹ̀yìn, kó máa tò ó bọ̀ síbi ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà á fi páálí dí ara rẹ̀ mọ́ ìta. Ẹni tuntun kan ṣe bẹ́ẹ̀, Yára bi í pé ṣé ẹyẹ ni, ṣé orí òrùlé ló fẹ́ gbà wọlé. Ó ti mọ́ mi lára. Nítorí náà, láti ògiri ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tìrẹ náà. Mo mú mẹ́tàdínlẹ́gbẹ̀rún, ó ṣẹ́ku mẹ́wàá. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ látibẹ̀, lórí àwókù páálí, pẹ̀lú ìka tí òtútù ti mú le bí igi. Mo ti dé irinwó lé mẹ́sàn-án. Kò tíì sí èyí tó wọlé.

Wọ́n ti gé ìsinmi wa kúrú báyìí. Mi ò lè bá ìdánwò rẹ mọ́. Gbà á lọ́wọ́ mi, fọwọ́ kan tèmi, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá wù ọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí tètè dé.

Mo bi Yára pé ṣé àyè máa wà fún ọmọdébìnrin kan níbí. Ó ní àyè wà dáadáa. Inú mi ò dùn rárá pé àyè wà.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Ìyá mi, ìyá mi, ìyá mi!

Ẹ jókòó. Rárá, ẹ dìde. Ẹ pe àwọn méjèèjì wá, kí wọ́n gbé omi náà dání.

Mo ṣe àìgbọràn. Afìwéránṣẹ́ mi orí lánàá bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì ní kò burú, ẹyọ kan péré ni màá mú nínú ti ìyá mi, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà pátápátá, wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀. Mo mú mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Mo pín in. Mo ń retí àjẹkù bíi ti ojoojúmọ́. Kò sí àjẹkù! Òdo! Mo nu tábìlì, mo tún un ṣe, òdo. Mo wá yí i padà: 9,901 lọ́nà ọgọ́rùn-ún, 990,100. Ẹ fi 9,901 kan sí i. Ó jẹ́ 1,000,001, pẹ̀lú èènì rẹ̀! Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá Àgbà fi rán ìka mọ́ aṣọ díẹ̀.

Mo sáré lọ bá Olùkọ́ Ṣùgbọ́n nílé ẹ̀kọ́. Mo dúró lẹ́nu géètì, torí mi ò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé. Wọ́n jáde wá, wọ́n ka gbogbo bébà mi níbi tí wọ́n dúró sí, títí kan èyí tó ní àwòṣe apá ẹ̀wù. Wọ́n ní, "Ó dáa." Mo ń dúró de ṣùgbọ́n. Ó dé.

"Ṣùgbọ́n 9,901 ńkọ́? Ṣé àpọ́n lòun náà, àbí àwọn kan tún fara pamọ́ sínú rẹ̀?"

Ìyá mi o! Ọ̀tunla ni ìdánwò. Mo rò pé n óò tún mú gbogbo àpọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí méjì. Mo la ẹnu láti bẹ̀bẹ̀, ohun tó jáde kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Mo ní, "Ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni. 9,901 ò tó o. Bí ẹnì kan bá wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ kúrú ju ọgọ́rùn-ún lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n báwo lo ṣe mọ̀ pé kò sí?"

"Torí inú 1,000,001 ni 9,901 ń gbé, sà. Ẹni tó bá wọ yàrá ti wọ ilé nìyẹn. Gbogbo àpọ́n tó wà nísàlẹ̀ ọgọ́rùn-ún ni mo ti mú wá sẹ́nu ọ̀nà ilé, kò sí ìkankan tó wọlé. Báwo ni wọ́n á ṣe wà ní yàrá?"

Ṣé ẹ rí i? Gbogbo iṣẹ́ òfo tí mo ṣe lórí tábìlì Màmá Àgbà, tí mo rò pé kò wúlò, òun náà ni ẹ̀rí. Àwọn méjì náà nìkan ló ń gbébẹ̀: mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún àti 9,901, àpọ́n méjì nínú ilé ńlá.

Olùkọ́ Ṣùgbọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó dáa."

Mo dúró. Mo dúró síbẹ̀. Kò sí ṣùgbọ́n.

Mo bi wọ́n pé, "Sà, ṣé ó parí síbẹ̀?" Wọ́n ní ó parí. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀yin náà bá mi ṣe lára rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ni mo ní kó má dá sí i, mi ò sọ̀rọ̀ ìyá." Àwọn fúnra wọn ló mú mi lọ bá Ọ̀gá Àgbà. Ọ̀gá Àgbà wúkọ́, wọ́n ní kí n wá ṣe ìdánwò, kí n máa jókòó síwájú, kí makirofóònù sì máa gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Èémí tí mo mí síta lójú ọ̀nà, ó lè fẹ́ aṣọ gbẹ.

Mo mọ ohun tí ẹ máa kọ. "Ayékòótọ́, ta ló ní kí o fọwọ́ kan tèmi? Ṣé mi ò kìlọ̀ fún ọ ni? Jẹun dáadáa. Fọ ẹsẹ̀ rẹ kí o tó sùn." Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, mo ti bá yín kọ ọ́.

Ayékòótọ́, akẹ́kọ̀ọ́


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Ayékòótọ́,

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Fọ ẹsẹ̀ rẹ kí o tó sùn.

Mo gba lẹ́tà rẹ bí mo ṣe ń jáde lọ síbi iṣẹ́, mo sì kà á láàárín páálí. Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. Ẹnu ọ̀nà! Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èmi ń ti ògiri bọ̀. Ká ní bí ẹni tuntun ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ṣe é, ìjókòó kan ni ì bá gbà mí. Yára wá dúró lé mi lórí pé kí ló dé. Mo ní ọmọ mi ti wọlé. Ó ní wọlé síbo? Mo ní sí mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Ó lọ wo nọ́ńbà ara àwọn yàrá wa, kò rí i, ó padà wá ní kí n yára.

Mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ àyè tí mo béèrè fún ọmọ mi mọ́. Ìsinmi ni mo fẹ́. Ó yẹ ìwé wò, ó ní ìsinmi mi ti ń ti ọdún tó kọjá bọ̀, pé kí n máa lọ sílé lóṣù kẹjọ.

Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ti ògiri ẹ̀yìn bọ̀. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀kùn. Bí Màmá Àgbà bá gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì pariwo láti ìdí ẹ̀rọ pé, "Ayékòótọ́, fi ohùn ìyá rẹ sílẹ̀ o!" bá mi sọ fún wọn pé lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìwọ.

Ìyá rẹ